Ìwé wákàtí yẹn, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, kú, ó sì gbé oríkì ilé mẹ́tàdínlógún lọ. Mo kà á. Ìlú kékeré ni ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò jìnnà sí Òrò, ilé méjìlélógún ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Ìyá Àgbà kò lè kí láti òkè délẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dé síbẹ̀, ohun tí wọn kì í jẹ, ohun tó lé wọn kúrò níbi tí wọ́n ti wá. Ilé márùn-ún péré ni mo rí gbà sílẹ̀ sórí fóònù mi kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìwé wákàtí rẹ̀, ìyẹn kálẹ́ńdà ètò rẹ̀, máa ṣí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè gba àkókò tirẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò gbìyànjú. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin, mo ní ìdajì wákàtí la fẹ́ lọ́sẹ̀, kí ìyá máa kí ilé kan lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọ ilé náà gbọ́ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní àga. Wọ́n wá ṣàlàyé pé kúọ́tà ni wọ́n ń ta àkókò, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé kí a tó wọ sítúdíò. Aago mọ́kànlá alẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Owó tí wọ́n pè ju gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ìlú wa ń dá jọ lọ́dún kan lọ. Mo padà lọ bóyá wọ́n á bá mi yọ díẹ̀ kúrò, ọ̀gá tí mo fẹ́ rí kò sí lórí ìjókòó. Kí n tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ò lè jókòó mọ́.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì gbé ẹ̀rọ ró láti ìdájí di òru, tó tún ń sanwó òṣìṣẹ́, kò lè máa fi afẹ́fẹ́ ta mí lọ́rẹ. Títí di 1992 tí òfin tó dá NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ jáde, ìjọba nìkan ló ń ṣe rédíò ní Nàìjíríà. Òfin yẹn ló jẹ́ kí àdáni wọlé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó o bá yọ ìjọba kúrò, tó o yọ olówó kúrò, tó o yọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ti rí onípolówó mú kúrò, ta ló kù tó lè di wákàtí kan mú lórí afẹ́fẹ́? Ìyá Àgbà kò sí nínú wọn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí Facebook wà. Ó wà lóòótọ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ṣí láífù sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sì gbà ju fóònù àti dátà lọ nígbà tí mo ṣe é. Mo gbé fóònù síwájú ìyá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́, ìyá sì kí ilé wọn tinútinú, ohùn rẹ̀ ṣì le nígbà náà. Èèyàn mẹ́rin ló wò ó. Mẹ́ta nínú wọn jókòó ti èmi àti ìyá nínú yàrá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti Èkó, láti Kánò, pé kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn ṣáájú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ohun tí a kò ní kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fi sọ̀rọ̀. Ibi kan tí gbogbo wa mọ̀, àti àkókò tí gbogbo wa ti gbọ́ ṣáájú, ni a kò ní. Àwọn bàbá wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ná ọjà ọrún. Oníṣu lè tẹ́ iṣu síwájú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa mú un. Síbẹ̀ ọjọ́ ọjà ló ń dúró dè, torí ọjọ́ yẹn ni ẹni tó fẹ́ ra iṣu ti kà láti ilé rẹ̀, tó sì ti mọ abẹ́ igi tí òun máa yà sí. Láífù tí kálukú ń ṣí nígbà tó bá wù ú dà bí iṣu iwájú ilé.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fún àwa Ìgbómìnà, tàbí fún ìlú tó bá lè dá ti ara rẹ̀ ṣe, tí ìwé wákàtí rẹ̀ máa wà ní gbangba. Kí n ṣí kálẹ́ńdà náà lórí fóònù mi, kí n rí i pé Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin ṣófo, kí n kọ orúkọ mi àti orúkọ ètò mi síbẹ̀, kí ó di tèmi lójú ẹsẹ̀. Kí n má bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Ní Tanke, ní Ìlọrin tí mo ń gbé, ojoojúmọ́ la ń ṣe irú nǹkan yìí nídìí ẹ̀rọ omi. Èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sórí ìlà ní ìdájí, á padà lọ wẹ ọmọ rẹ̀ fún ilé ìwé. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló dúró fún un. Mo ti rí i tí ìyàwó lẹ́kíṣọ́rà dúró sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń bá alákàrà pọnmi, torí kẹ́ẹ̀gì ọmọ náà ló ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kó rí bí mìíràn. Tí a bá lè ṣe èyí sórí omi, tí omi sì ju ọ̀rọ̀ lọ, kí ló dé tí a kò lè ṣe é sórí wákàtí?

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀, ó sì ṣì ń dùn mí dòní. Inú oṣù kọkànlá la ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè wá, a wá ní a máa ṣí láífù fún un ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òun náà ní òun máa wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago tiwa àti tiwọn ń lọ bákan náà, ó sì ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹwàá bá ń parí, wọ́n máa ń dá tiwọn padà ní wákàtí kan, àwa kì í fọwọ́ kan tiwa. Aago mẹ́ta ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìgbà tí tirẹ̀ fi lu mẹ́rin, márùn-ún ti lù níbí, àwọn ọmọkùnrin ti ń to àga jọ. Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Ó sunkún lórí fóònù, mi ò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ.

Ká ní a ti fi ètò yẹn sórí kálẹ́ńdà ṣáájú ni, tí a fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ìbá sọ fún un pé aago mẹ́ta ni níbi tó wà. YouTube ń ṣe èyí fún ẹni tó bá ti ṣètò láífù rẹ̀ sílẹ̀: aago ìlú ẹni tó ń wò ó ni á fi hàn án. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Jẹ́dà fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn wa jìnnà, aago tiwọn náà sì ń yí padà lọ́dún. Kò sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó lè máa fi orí ṣírò gbogbo èyí sínú WhatsApp. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí èmi ni akọ̀wé.

Nípa ẹ̀rọ, kò le tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan ti ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ AzuraCast, òmíràn ń jẹ́ LibreTime, méjèèjì ló ní kálẹ́ńdà nínú. Nínú AzuraCast, o lè fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, kí o sì so ó mọ́ àkókò rẹ̀, débi pé tí kò bá tíì kàn án, kò ní lè wọlé. Tó bá parí, tó sì jáde, orin tàbí ètò tí a ti gbà sílẹ̀ á máa lọ títí ẹni tó kàn á fi dé. A máa nílò ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà láti tò ó, a sì máa nílò owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa gbé rédíò náà, tí a máa yá lóṣooṣù. Owó yẹn kò lè sún mọ́ kúọ́tà rédíò tí wọ́n pè fún mi.

Ohùn lásán ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ o, kí a má tíì wo ọ̀nà fídíò rárá. Ohùn tó ń lọ ní kilobit 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò jẹ ju MB 29 lọ ní wákàtí kan. Tí a bá mú un wá sí 32, kò tó MB 15, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ṣì ń yé èèyàn níbẹ̀. Fídíò tó wà níwọ̀nba, tó ń lọ ní megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á jẹ nǹkan bí MB 450 ní wákàtí kan náà. Ẹ ro ti ìyá tó ń ta fùfú ní Àjàṣẹ́-Ìpò tí ọmọ rẹ̀ ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ fún. Èwo ló máa lè gbọ́ dé òpin?

Ìgbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí pápá WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó yẹ kí a yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí yóò máa yẹ ètò wò kó tó wọ kálẹ́ńdà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó dá àbá yẹn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìgbìmọ̀ yẹn ló máa sọ wá padà sí ibi tí mo ti ń wá ọ̀gá tí kò sí lórí ìjókòó. Lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe é dáadáa. Lóṣù kẹta, Sátidé aago mẹ́jọ alẹ́ á ti di ti ìgbéyàwó ọmọ olóyè. Opó tó fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ́ pé “a ṣì ń wò ó.” Àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ogún ọdún kò tilẹ̀ ní béèrè, torí wọ́n mọ ìdáhùn.

Ẹ̀rù tí àwọn àgbà ń bà kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo mọ̀. Olóṣèlú lè rán ogún ènìyàn kí wọ́n kọ orúkọ sí gbogbo alẹ́ nínú oṣù ìdìbò. Ẹnì kan lè gorí afẹ́fẹ́ kó bú ìdílé kan, tàbí kó dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀ níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun nínú àwo kan. Ìlànà ni kí a fi pàdé èyí, kí ìlànà náà sì kan gbogbo wa bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má gbà ju wákàtí méjì lóṣù. Kí a mọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó gba àkókò, kí orúkọ rẹ̀ hàn lára ètò rẹ̀. Kí gbogbo ohun tó bá lọ sórí afẹ́fẹ́ wà ní gbígbà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹni tí wọ́n bú lè rí i mú lọ síwájú ọba tàbí sí kóòtù. Ẹni tó bá sì rú u, kó fi ọdún kan jókòó nílé. Ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀ ni kí ìgbìmọ̀ wá, kì í ṣe iwájú.

Àwa kọ́ ni a máa kọ́kọ́ dán irú nǹkan yìí wò. Ní 1973, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Open Door, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń fúnra wọn sọ tẹnu wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1984 ni ìlú Ludwigshafen ní Jámánì ṣí ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè mú ètò rẹ̀ wá sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹni tó sì mú ètò wá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ńlá ni wọ́n fi ṣe é nígbà yẹn. Fóònù tó wà lápò wa lónìí rọrùn ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Àwọn kan ní kò ní sẹ́ni tó máa gba àkókò, pé kálẹ́ńdà á kàn ṣófo ni. Ó ṣeé ṣe kó ṣófo fún oṣù méjì. Kí ó ṣófo kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tó rí àyè tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá máa ronú ohun tí òun lè fi sí i: ẹni tó mọ ewé, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ọmọ tó ń kọ orin, àgbẹ̀ tó fẹ́ sọ iye tí wọ́n ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ lóko.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn àsálátù Àsárì. Màá tún gbé e kalẹ̀, màá sì ní kí a dìbò sí i, kì í ṣe kí a tún fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Àbúrò Ìyá Àgbà ṣì wà láàyè. Kò mọ gbogbo rẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun lè kí ilé mẹ́fà nínú mẹ́tàdínlógún yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń lókun jù.