Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Kọ "Plus Two"?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn gbé ara gbígbóná wọ láàbù kó má gbé "MP plus" jáde, ìyẹn ni pé wọ́n rí kòkòrò ibà (malaria parasite) nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ plus one, ó lè jẹ́ plus two, plus ṣáà ni. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì nítòsí Tákíè láìpẹ́ yìí. Wọ́n gún un lọ́mọ ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ gbé e wọ yàrá lọ. Kò tíì mu omi inú ọ̀rá tó rà lẹ́nu ọ̀nà tán tí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀: MP plus two, táífọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀, kó wá gba dírípù. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí ló bí ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi máíkírósíkóòpù wá kòkòrò ibà yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pelebe tí wọ́n ń pè ní síláìdì, yóò rò ó yíká kó nípọn díẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi iná yá a ti bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kan aró Giemsa: bí wọ́n bá po ó kó le, ìṣẹ́jú 10, bí wọ́n bá po ó kó fúyẹ́, ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé aró Field wà tí kì í pẹ́ rárá, bí ẹni ń fi òkèlè kan ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aró kọ́ ló ń rí kòkòrò, ojú ni. Kí onítọ̀hún tó lè kọ ọ́ pé kò sí ibà, ó gbọ́dọ̀ ti wo ibi 100, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lórí síláìdì kan ṣoṣo. Plus one túmọ̀ sí pé ó rí kòkòrò kan sí mẹ́wàá nínú ibi 100 yẹn. Plus two, mọ́kànlá sí 100. Kíkà ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ ní máàkì. Àwọn tó ń lo ike àyẹ̀wò kíákíá náà ní láti dúró fún bí ìṣẹ́jú 15, ike ọ̀hún kò sì mọ plus. Ilà ló ń fà, ó wà tàbí kò sí.

Níbo wá ni plus two ìṣẹ́jú mẹ́fà ti wá?

(Táífọ́ọ̀dù tí wọ́n so mọ́ ọn ńkọ́? Widal ni wọ́n ń ṣe fún un, àyẹ̀wò tó ti wà láti 1896, tó sì lè gbé plus jáde lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe rí tí ara rẹ̀ ti yá. Ká fìyẹn sílẹ̀ ná, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.)

A kò sọ pé gbogbo láàbù ló ń parọ́. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn fásitì méjì, ti LAUTECH àti ti Bowen, kò lè ṣaláìní ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Èsì tó ní kò sí ibà kì í tà. Aláìsàn tó ti sanwó, tí orí ń fọ́, tí wọ́n wá sọ fún pé àwọn ò rí nǹkan kan, á fìbínú jáde, á ní àwọn yẹn ò mọṣẹ́. Ó di láàbù kejì, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé plus ni oníbàárà ń wá. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń ta dírípù pàápàá, plus ló ń wá. Ibi tó ti ń dunni ni pé ara gbígbóná tí kì í ṣe ti ibà kò ní tìtorí plus padà sílé. Ó lè jẹ́ òtútù àyà lára ọmọdé, ó lè jẹ́ ibà Lassa pàápàá, ọjọ́ mẹ́ta oògùn ibà á sì ti kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan mìíràn.

Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn ibà. Ó kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ: nínú èèyàn mẹ́rin tí ibà ń ṣe láyé, bí ẹnì kan ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1880 ni Laveran, dókítà ológun ọmọ Faransé, fojú rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ní Algeria. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1907, ọdún tí dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá máa wo aláìsàn.

Ti ibà tiẹ̀ sàn, wọ́n ń gúnni lọ́wọ́ ṣáá. Ta ni wọ́n ń yẹ làpálàpá wò fún? Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, ẹbí olú àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ni wọ́n lára: wọ́n á fi abẹ kúkú ha etí ibi tó ràn, wọ́n á da omi potassium hydroxide sí èépá yẹn kó yọ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì hàn lábẹ́ awò bí òwú tín-ín-rín tó yọ ẹ̀ka. Dípò èyí, ìpara ni. A rí ọmọkùnrin kan ní Sábó, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, tí irun àárín orí rẹ̀ ti kán mọ́lẹ̀ bíi koríko tí ewúrẹ́ jẹ. Ìyá rẹ̀ kó túùbù mẹ́ta jáde nínú ọ̀rá: èyí tí kẹ́mísìtì àkọ́kọ́ tà fún un, èyí tí ẹnì kejì tà, èyí tí ará ilé ta á lọ́rẹ. Ó ní bí òun bá fi pa á, á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún gba ẹ̀yìn yọ. Steroid wà nínú méjì. Steroid a máa pa pípọ́n àti yíyún mọ́lẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì á wá máa gbilẹ̀ nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ti orí gan-an, ìpara kì í dé gbòǹgbò irun. Oògùn mímu bíi griseofulvin ló ń wò ó, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ha orí ọmọ náà wò rí.

Ti inú ẹ̀dọ̀fóró ló burú jù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì Aspergillus a máa fi ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá sílẹ̀ ṣelé. Ẹni tó ní in á máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, á máa rù, gbogbo rẹ̀ á jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sì lè tún dá a padà sídìí oògùn olóṣù mẹ́fà nítorí pé kò sẹ́ni tó wá nǹkan mìíràn. Ó wà lára fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní 2022 pé kí ayé ṣọ́ra fún.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò pọ̀. Kó di dandan kí gbogbo láàbù, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa tọ́jú síláìdì tí wọ́n bá wò sínú àpótí fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà aláìsàn lára rẹ̀. Kí ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilé ìwòsàn fásitì máa yọjú lóṣooṣù, kó mú mẹ́wàá láìṣà á, kó wò ó láìmọ ohun tí láàbù kọ. Ibi tí èsì méjèèjì bá ti ń takora léraléra, Medical Laboratory Science Council of Nigeria, tí òfin 2003 gbé àbójútó iṣẹ́ láàbù lé lọ́wọ́, mọ ohun tó kàn. Ní wọ́ọ̀dù 351 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan ní máíkírósíkóòpù kan àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, tó mọ̀ pé ìtọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni ẹyin àtọ̀sí ajá (àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń kó nínú odò) máa ń pọ̀ sí jù, kó má lọ gba ìtọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń wẹ̀ lódò. NEPA kì í ṣe àwáwí: èyí tó ń lo bátìrì wà, èyí tó ń fi dígí gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà wà.

Wọ́n á ní owó tẹ́ẹ̀sì á gòkè. Kí wọ́n ṣírò owó dírípù tí kò pọn dandan mọ́ ọn.

Ẹni wa tó lọ sí láàbù nítòsí Tákíè padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi síláìdì òun han òun. Wọ́n ní àwọn ti fọ̀ ọ́, àwọn ti fi ṣe ti ẹlòmíràn.