Ọpẹ́ ló da àárín Wolfe àti Perkins rú

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka bí Thomas Wolfe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣe kẹ̀yìn sí Maxwell Perkins, olóòtú rẹ̀. Mo ti wá rí i pé mo ṣì í lò. Wolfe dúpẹ́. Ọpẹ́ rẹ̀ ló tilẹ̀ pọ̀ jù.

Ilé ìtẹ̀wé Scribner ní New York ni Perkins ti ṣiṣẹ́, láti 1910 títí ó fi kú ní 1947. Àwọn òǹkọ̀wé bíi Fitzgerald, Hemingway, Wolfe, Marjorie Kinnan Rawlings, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́tà ló sábà máa ń fi bá wọn ṣe. Bí Fitzgerald wà ní Róòmù, bí Rawlings wà nínú igbó Florida, lẹ́tà Perkins á wá wọn débẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó kọ sí Fitzgerald ní oṣù kọkànlá 1924, lẹ́yìn tó ka ìwé àfọwọ́kọ The Great Gatsby. Ó yìn ín, ó yìn ín, kó tó wá sọ pé òun ò rí Gatsby. Àwọn yòókù hàn kedere lójú òun, ṣùgbọ́n bí ẹni wà nínú kùrukùru ni ẹni tó ni ìtàn gan-an. Ó dá àbá díẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé. Fitzgerald fèsì pé òun alára ò mọ bí Gatsby ṣe rí! Ó padà sídìí iṣẹ́, ìwé sì jáde ní oṣù kẹrin 1925. (Fitzgerald yìí náà ló kọ̀wé sọ fún Perkins pé ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Paris tó ń jẹ́ Hemingway, ó sì ṣi orúkọ náà kọ. Perkins fúnra rẹ̀ ò mọ sípẹ́lì. Olóòtú o!)

Ti Wolfe yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé bí odò tó kún àkúnya ni. Kí ìwé rẹ̀ Of Time and the River tó lè jáde, àwọn méjèèjì jókòó lálaalẹ́, Perkins ń gé, Wolfe ń kérora. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Perkins bí, kò ní ọkùnrin. Àwọn kan ní Wolfe ló fi ṣe ọmọ.

Wolfe wá fẹ́ kọ orúkọ Perkins síwájú ìwé náà láti fi yẹ́ ẹ sí. Ní oṣù kìíní 1935, Perkins kọ lẹ́tà sí i pé kò sí ohun tó lè dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe é, nítorí Wolfe gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun Perkins ti ba ìwé náà jẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Wolfe ò gbọ́. Ó kọ ọpẹ́ gígùn síwájú ìwé, ó tún tẹ ìwé kékeré mìíràn jáde ní 1936 tó fi ròyìn bí wọ́n ṣe jọ ṣe é. Ni alámèyítọ́ kan, Bernard DeVoto, bá ní kì í ṣe Wolfe ló to ìwé tirẹ̀ pọ̀, Perkins àti àwọn ará Scribner ni.

Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní gún lọ́kàn? Bó bá jẹ́ èmi, mo máa lọ. Wolfe lọ lóòótọ́ ní 1937, ó bá ilé ìtẹ̀wé mìíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ní Seattle. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan, ó yọ́ kọ lẹ́tà sí Perkins. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ni. Ó rán Perkins létí ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1935, tó wá pàdé òun ní èbúté, tí wọ́n jọ gun orí ilé gíga kan lọ, tí gbogbo ìlú wà nísàlẹ̀ wọn. Ó ní bí òun á ṣe máa rántí rẹ̀ títí nìyẹn. Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Kò sí ìwé kankan tó fi ọpẹ́ yìí síwájú rẹ̀. Perkins nìkan ló kọ ọ́ sí.