Àlàfo Lásán-làsàn!

Ó tún ti ṣẹlẹ̀! Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà nítorí fáìlì jíìnì kan ṣoṣo. Ó kọ̀, kò wọlé. Kí ló dé? Bọ́tìnì Tab ló fẹ́ kí n tẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, àlàfo lásán ni mo fi sí i. Ohun tí ojú ò tiẹ̀ rí! Ṣé irú ìyẹn ló yẹ kó gba oorun lójú ọmọ èèyàn?

Ta ló tiẹ̀ ní kí dátà tó sọnù máa jẹ́ orúkọ rẹpẹtẹ bí àbíkú? PLINK, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ dátà jíìnì wò, ní 0 ni. Tó bá kan phenotype, ìyẹn àbùdá tó hàn lára èèyàn, ó di -9. VCF, irú fáìlì tí wọ́n ń kọ ìyàtọ̀ inú jíìnì sí, ní tòun, ./. ni. Fáìlì kan pe kúrómósómù àkọ́kọ́ (okùn tó ń gbé jíìnì) ní 1, èkejì ní chr1 ni, wọ́n wá ń wo ara wọn bí orogún.

Excel ni baba wọn! Ẹ tẹ MARCH1, orúkọ jíìnì kan, sínú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Nígbà tó di 2020, jíìnì ni wọ́n yí lórúkọ padà, ó di MARCHF1. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Òkè ni wọ́n ń wò!

Kọ̀ǹpútà tún ní àṣìṣe wà ní ìlà 48213 nínú fáìlì mi. Kó máa wà níbẹ̀. Mo ti pa kọ̀ǹpútà.