Dúdú, góòlù àbí kírómù: táàpù wo ni ká fi sí balùwẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. A ti fẹ́ parí ilé wa ní Ìkòròdú, ó ku balùwẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kírómù, èmi fẹ́ràn dúdú tí kì í dán yẹn, àbúrò mi ní góòlù ló ń lọ báyìí. Omi bọ́hóòlù la máa lò o, tó bá sun mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ó máa ń pọ́n. Mo ti ra táàpù góòlù kan wá láti Orílé, a ò tíì so ó. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Àdùkẹ́ Lẹ́kí: Ẹ sá fún góòlù o! Mo fi sílé mi ní 2021, kò tíì pé ọdún méjì tó ti ń bó, ibi tí ọwọ́ ń kàn jù ló ti bẹ̀rẹ̀, funfun kan báyìí wá yọ lábẹ́ ẹ̀. Ó dùn mí gan-an torí owó ńlá ni mo fi rà á. Kírómù tí a jọ rà lọ́jọ́ kan náà ṣì ń dán, èèyàn lè fi wojú.

Kọ́lá Púlọ́ḿbà: Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ má bínú, kì í ṣe àwọ̀ góòlù ló jẹ̀bi. Aṣọ ni gbogbo wọn wọ̀, títí kan kírómù, nickel ló wà lábẹ́ ẹ̀, kírómù tó wà lókè yẹn sì fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì. Ẹni tó wọ aṣọ yẹn ni kẹ́ ẹ bèèrè: ṣé idẹ ni, ṣé síǹkì ni, àbí ike? Idẹ ló ń tọ́jọ́ jù. Góòlù náà ò rí bákan náà, èyí tí wọ́n kàn fín lọ́dà wà, èyí tí wọ́n ṣe ní PVD náà wà, inú àpótí tí wọ́n fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń sọ irin di bí èéfín kó tó lọ lẹ̀ mọ́ táàpù lára, ìyẹn le, kò rọrùn láti ha.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kó kàn mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ sọ́jà, tó bá ti fà á kó má rà á.

Kọ́lá Púlọ́ḿbà: Bọ̀dá mi, mágínẹ́ẹ̀tì ò fa idẹ, kò sì fa síǹkì, irin lásán nìkan lẹ máa fi mọ̀. Kí wọ́n gbé e lọ́wọ́ wò, idẹ wúwo. Kí wọ́n wá dojú ẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n wo inú ibi tí páìpù ń wọ̀, wọn kì í sábà kun ibẹ̀ dáadáa: idẹ á pọ́n rúsúrúsú, síǹkì á rí bí eérú.

Àǹtí Dára: Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ kẹ́míkà o. Ọmọ tó ń bá mi tọ́jú ilé da blíìsì sórí ṣáwà kírómù, ló bá lọ síbi ọbẹ̀ tó ń sè, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó yá, àmì dúdú wínníwínní jáde lára ẹ̀ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, kò sì lọ mọ́. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rírọ̀, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Kànrìnkàn onírin, rárá o.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọ̀dọ̀ wa l'Éwékorò, òkúta ẹfun ló wà nílẹ̀, omi wa kì í pọ́n, funfun ló ń fi sílẹ̀, táàpù dúdú ló sì ń tú àṣírí ẹ̀ jù. Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń yọ ọ́.

Àǹtí Dára: Lára kírómù nìkan o, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣàn án dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi pa góòlù tàbí dúdú, àwọ̀ lè bá a lọ.

Kọ́lá Púlọ́ḿbà: Ìyá Ìbejì, omi yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Irin ló wà nínú ẹ̀, tí atẹ́gùn bá ti kàn án ló ń pọ́n. Ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn nínú táǹkì kó tó gba inú fítà, kí ìpọ́n yẹn dúró síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí táàpù tí kò ní ya ilà pupa, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ funfun yín pàápàá á yà á.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí èyí tí mo rà. Eérú ni o, eérú báyìí. Mo ti tọ́jú rìsíìtì ẹ̀, mo ń dá a padà lọ́la, owó ẹ̀ á di ara owó fítà.