Èrò ọkàn mi: bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀rẹ́ inú Stand by Me

Bí ẹ bá bi mí léèrè fíìmù tó mọ bí ọmọ ọdún 12 ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ̀rẹ́, Stand by Me ni n ó dárúkọ, èyí tí Rob Reiner darí, tó jáde ní 1986. Orin Ben E. King tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí. Iṣẹ́ tó wà nídìí fíìmù náà ló gbà mí lọ́kàn ní tèmi, torí mo gbà pé kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rẹ́ inú sinimá.

Ìtàn ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀. Ọdún 1959 ni, ní Castle Rock, ìlú àròsọ kékeré kan ní Oregon. Vern, ọ̀kan lára ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń ṣọ̀rẹ́, gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láìjẹ́ kí ìyẹn mọ̀, ibi tí òkú ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń wá káàkiri wà. Òun, Gordie, Chris àti Teddy parọ́ nílé, wọ́n sì tẹ̀ lé ojú irin lọ wò ó.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń dáwó jọ. Kò sẹ́ni tó rántí gbé oúnjẹ. Gordie mú $1.02 sílẹ̀, Teddy mú sẹ́ǹtì 68, Chris mú 60, Vern mú 7 péré. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $2.37. Wọ́n fi Vern ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó má jẹ níbẹ̀. Wọ́n ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò lọ rajà, ó sì já lé Gordie lórí. Vern yìí kan náà ló rántí mú kóòmù, kí irun wọn lè dára bí tẹlifíṣọ̀n bá wá yà wọ́n! Kò pẹ́ rárá, àmọ́ a ti mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé tí kò mọṣẹ́ ì bá ní kí Chris di mọ́ Vern, kó máa sọ pé ọ̀rẹ́ òun àtàtà ni.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1985 tí wọ́n ń yà á, Jerry O'Connell tó ṣe Vern jẹ́ ọmọ ọdún 11. River Phoenix tó ṣe Chris ló dàgbà jù, òun náà kò sì tíì pé 15 nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 22 tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé fún kò lè rí bẹ́ẹ̀: ejìká rẹ̀ ti gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kó wà.

Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, Reiner kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń bá wọn ṣe àwọn eré tí Viola Spolin kọ sínú ìwé rẹ̀ fún àwọn òṣèré. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni méjì á kojú síra. Ọ̀kan á máa gbé ọwọ́, á máa yí ọrùn, èkejì á máa ṣe bíi dígí rẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú. Bí ẹni tó ń ṣáájú bá kánjú, ó ti bà á jẹ́, torí èkejì ò ní lè bá a. Eré yẹn ń kọ́ ọmọ láti máa wo ẹnìkejì rẹ̀ dípò kó máa dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ á kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ eré ọmọdé ti ń kùnà: ọmọ kan ń sọ̀rọ̀, ọkàn èkejì wà lára ohun tó há sórí.

Ìran alẹ́ nínú igbó ló jẹ́ ká rí èrè rẹ̀. Chris jẹ́wọ́ fún Gordie pé òun jí owó mílíìkì ilé ìwé lóòótọ́, àmọ́ òun dá a padà fún tíṣà. Tíṣà fi owó náà ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì jẹ́ kí ìyà jẹ ọmọ. Ta ni yóò gba Chris gbọ́, ọmọ ìdílé tí ìlú mọ̀ sí oníwà burúkú? Reiner ní kí Phoenix ronú kan àgbàlagbà tó já a kulẹ̀ rí, láìní kó dárúkọ rẹ̀. Ẹkún tó tẹ̀ lé e ló wà nínú fíìmù. Gordie kò wàásù fún un, ó jẹ́ kó sunkún.

Ìran afárá rélùwéè, níbi tí Gordie àti Vern ti ń sá fún ọkọ̀ ojú irin, ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Lake Britton ní California ni wọ́n ti yà á. Ọkọ̀ náà jìnnà gan-an, lẹ́ńsì gígùn ló fà á súnmọ́ tó fi dà bíi pé ó ti dé gìgísẹ̀ àwọn ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀rù ò ba Wil Wheaton tó ṣe Gordie àti O'Connell. Reiner bá jágbe mọ́ wọn pé àwọn ni wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lágara, títí wọ́n fi sunkún, wọ́n sì yà á bẹ́ẹ̀. Àwòrán náà dára, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i. Kí ọmọ kọ́kọ́ sáré títí tí yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ á jọ ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọkàn rẹ̀ ò sì ní gbọgbẹ́.

Nínú ìtàn Stephen King tí wọ́n ti mú un, The Body (1982), Vern, Teddy àti Chris ló kú. Fíìmù pa Chris nìkan. Vern gbéyàwó, ó bí ọmọ mẹ́rin; Teddy fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ojú àti etí rẹ̀ ò jẹ́. Wọn ò bá Gordie jà. Bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn ló ń dín kù, títí wọ́n fi di ẹni tí èèyàn kàn ń pàdé ní ilé ìwé. Mo fẹ́ràn èyí ju ti ìwé lọ. Ikú rọrùn láti kọ, àmọ́ ọ̀rẹ́ tó tú láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣòroó kọ, òun ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n bá pààrọ̀ ilé ìwé.

Ẹ̀yin òbí, àmì R ni wọ́n fi sí i ní Amẹ́ríkà láti fi sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó: ọmọ tí kò tíì pé 17 gbọ́dọ̀ bá àgbàlagbà wọlé. Èébú pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ń mu sìgá, ìbọn àti òkú sì wà. Lójú tèmi, ọmọ ọdún 13 lè wò ó bí ẹ bá jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 89 ni. Ẹ má dá a dúró láàárín láti ṣàlàyé. Bó bá parí, ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.