Akọ̀wé ń wáṣẹ́, gómìnà ń wá ìbò: ṣé ọ̀kan náà ni?

Tíṣà Òṣogbo: Mo sin àbúrò mi lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò n'Íbàdàn lánàá. Iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ọkùnrin tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbé e sókè síbi fèrèsé, ó ń wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ bóyá ayédèrú ni. Wọ́n tún ní kó mú onídùúró méjì wá. Ìyẹn ò bí mi nínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé a kì í yẹ ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà wò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ lòun náà ń tọrọ lọ́wọ́ wa.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú, Tíṣà, wọn ò jọra. Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2014. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹnì kọ̀ọ̀kan san kó tó lè wáṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n. Wọ́n kó wọn sí pápá ìṣeré l'Ábùjá àti láwọn ìlú mìíràn, èrò sì tẹ àwọn kan pa níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ! Fọ́ọ̀mù ààrẹ tí APC tà fún ìdìbò 2023, mílíọ̀nù 100 náírà ni. Ti PDP, mílíọ̀nù 40. Ta ló ń wáṣẹ́ tó lè rà á?

Bàbá Ìbejì: Àdùkẹ́ ọmọ mi, owó yàtọ̀ lóòótọ́, ọ̀nà àtiwọlé ni ò yàtọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wáṣẹ́. Níbì kan, àwa bí ọgọ́ta la jókòó sí kọ́rídọ̀ láti aago méje àárọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gá yẹn ò tiẹ̀ ṣí fáìlì mi. “Ta ló rán ẹ wá?” Ìbéèrè tó bi mí ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Bí bàbá ìsàlẹ̀ ò bá mọ̀ ẹ́, ta ló máa wojú ẹ?

Tíṣà Òṣogbo: Ẹ ṣeun, Bàbá. Dìgírì ni wọ́n ní kí àbúrò mi mú wá, pẹ̀lú ìrírí ọdún mẹ́ta. Ìpele ìwé mẹ́wàá péré ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ.

Ọmọ Adó-Èkìtì: Àwa olùdìbò tá a jẹ́ agbanisíṣẹ́ wọn la bà á jẹ́. Ṣé ẹ rántí “dìbò kóo sebẹ̀”, owó tí wọ́n fi ra ìbò lọ́dún 2018? Ìyá mi gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mi ò lè bá wọn wí, ọbẹ̀ ni wọ́n fi sè lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà sì jẹ níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu wo la máa fi bi ẹni tó fún wa lówó léèrè iṣẹ́?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ká tiẹ̀ bi í, ṣé a lè lé e ni? Lẹ́tà kan ni wọ́n fi ń dá akọ̀wé dúró. Ká tó pe sẹ́nétọ̀ padà wálé, ó ní láti jẹ́ pé ó lé ní ìdajì àwọn tó forúkọ ìdìbò sílẹ̀ lágbègbè rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ní Kogi. Nígbà tí INEC yẹ ìbuwọ́lù wò lọ́dún 2018, iye tó fọwọ́ sí i lóòótọ́ kàn fi díẹ̀ lé ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀.

Tíṣà Òṣogbo: Ìdí rèé tí mo fi ní ká yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó wọlé. Òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n lò fún ìdìbò 2023 ní kí INEC gbé ìwé òǹdíje síta lágbègbè rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje tó bá dé ọwọ́ wọn.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Òfin yẹn kan náà ló ní ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ nìkan ló lè pè é lẹ́jọ́ tírọ́ bá wà níbẹ̀. Lábẹ́ ti 2010, ẹnikẹ́ni ló lè pè é.

Tíṣà Òṣogbo: Mo mọ̀. Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ṣì máa lọ kà á. Àbúrò mi náà ní òun máa tẹ̀ lé mi.