Ọ̀dà olóróró kì í dá omi inú ògiri dúró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ọ̀dà bá ń ṣí lára ògiri yàrá, kí wọ́n ṣáà ti fi ọ̀dà olóróró, tí àwọn akunlé ń pè ní gloss, kùn ún, nítorí pé omi kì í wọ̀ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ayálégbé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu akunlé tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí omi bá ta sí i láti iwájú, aṣọ la ó fi nù ún kúrò. Ṣùgbọ́n omi tó ń ba ògiri wa jẹ́ kì í sábà ti iwájú wá. Ẹ̀yìn ọ̀dà ló ti ń wá.

Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì mọ ní ihò tíntìntín lára, ó sì máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí wọn kò bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, omi yóò máa gun ògiri lọ títí yóò fi tó nǹkan bíi mítà kan sókè. Omi náà kì í dá wá, ó ń gbé iyọ̀ dání. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ yóò dì síbẹ̀, yóò sì máa ti ọ̀dà síta.

Ní pálọ̀ ìyá mi n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la kun ẹ̀yìn àga kan láàárín ọdún márùn-ún. Gloss ni wọ́n lò lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń dán gbinrin. Kí òjò ọdún yẹn tó tán, ó ti wú bí eéwo káàkiri. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi ṣẹ́ jáde, ìyẹ̀fun funfun tó dà bí iyọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dà olómi, ìyẹn emulsion, ṣì máa ń jẹ́ kí ògiri mí díẹ̀. Gloss dí i pa, omi sì wá ibòmíràn gbà gòkè. Egbò tí a kò fọ̀ la lọ dì.

Ti ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ tún burú jù. Sìmẹ́ǹtì tútù mú bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú: bó bá pàdé òróró inú ọ̀dà, ọṣẹ ni yóò sọ ọ́ dà, ọ̀dà náà yóò sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí irú ògiri bẹ́ẹ̀ lo ọjọ́ 28 ó kéré tán, kí ẹ sì fi kún un bó bá jẹ́ ìgbà òjò.

Kí ẹ tó ra garawa ọ̀dà kankan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ náílọ́ọ̀nù pélébé mọ́ ògiri náà, kí ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti wá. Ẹ wá orísun rẹ̀: páìpù tó ń jò nínú ilé ìwẹ̀, òrùlé tí kò ní gọ́tà, tàbí erùpẹ̀ tí wọ́n kó ti ògiri níta. Bó bá jẹ́ pé náílọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ ni kò sí, iṣẹ́ bíríkìlà ni, kì í ṣe iṣẹ́ akunlé. Ẹ má sì fi omi fọ iyọ̀ náà, nítorí yóò yòrò padà sínú ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n.

Ebè òdòdó ló fa ti ìyá mi: erùpẹ̀ rẹ̀ níta fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. A wú u kúrò, a ha ibi tó ti jẹrà, a sì fi ògiri náà sílẹ̀ ní ìhòòhò jálẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Ìgbà tí a ṣí náílọ́ọ̀nù tí a lẹ̀ mọ́ ọn, tó sì gbẹ táútáú, ni a tó gbé ọ̀dà olómi jáde.